Àwọn Ìgò Tí Mo Fi Abíyá Yọ́

Kì í ṣe pé àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ ni mo fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ara mi le, ojú mi ríran, mo ṣì ń gbé fíríìjì gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti fi pamọ́ sínú láti ọdún pípẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e síta wàyí, kí gbogbo ẹni tó ń kí mi ní “ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Òtútù” lè mọ irú ọwọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Èmi ni mo ba ọwọ́ àbúrò mi jẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe àìsàn nìkan, kì í sì í ṣe ara rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbà gbọ́ títí di oṣù tó kọjá. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tó ti bàjẹ́ gan-an.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ fíríìjì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n gbé ọ̀kan jù sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì ń tú u lọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan lára rẹ̀ tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà náà, tó sì ń dùn mọ́ mi títí di òní, ni pé fíríìjì kì í ṣe òtútù rárá. Ooru ló ń kó jáde. Ó ń ru ooru inú rẹ̀ dà sẹ́yìn, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ni à ń pè ní òtútù. Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n á sì ní, “Ọ̀gá Òtútù, a ti gbọ́, ẹ ṣáà bá wa ṣe é kó tutù.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí ọsibítù ńlá ń pè. Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan bá ti ya pòkíì, èmi ni wọ́n ń wá. Orí mi wú. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé orí tó wú yẹn ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, aránṣọ ni. Kòníítú ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé bó bá ti fi aṣọ lé ènìyàn lọ́wọ́, á ní, “Ẹ wọ̀ ọ́ jó, ẹ wọ̀ ọ́ jà, kò níí tú.” Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Ó lè wo ọrùn ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kó sì gé kọ́là rẹ̀ láìfi okùn ìwọ̀n kàn án. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó, nígbà tó sì yá, ìhà rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú títí ṣòkòtò kò fi gba inú rẹ̀ mọ́. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti lóyún, kí ẹnikẹ́ni má bi òun ẹni tó fún òun. Dókítà oníṣẹ́-abẹ ló là á yé wa. Ó ní ẹran pupa kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí àwọn àgbà ń pè ní àmọ́. Asẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń yọ èyí tó ti gbó kúrò, ó sì ń gbá àwọn kòkòrò àìsàn mú. Ó ní asẹ́ ti àbúrò mi ti ya wèrè: ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ tó gbó, ó sì ń jẹ tuntun mọ́ ọn, àfi kí wọ́n yọ ọ́. Mo béèrè pé bí a bá yọ asẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ni yóò wá máa gbá ìdọ̀tí mú? Inú dókítà dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àbúrò mi fi gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ara rẹ̀ ti mọ ojú ọ̀tá kí asẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà lọ, ibà kì í tún ṣe ohun tí à ń wò níran lára rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí a máa sáré bọ̀ ni. Nínú gbogbo àwa tó wà nínú yàrá yẹn, èmi ni ọ̀rọ̀ náà yé jù. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Inú fíríìjì kan ní yàrá abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kó àjẹsára sí. Ọjọ́ Ẹtì kan nígbà òjò, nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kò tutù mọ́. Mo tẹ́tí sí i, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì mọ ohun tó ṣe é. Nǹkan kékeré kan wà nínú fíríìjì tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì: bí inú bá ti tutù tó, á ní kó sinmi, bí ó bá ń gbóná, á ní kó dìde. Aláṣẹ yìí ló ti kú. Wọ́n ní tuntun kò lè dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bẹ́ẹ̀ àpótí àjẹsára tuntun ti wà nílẹ̀ nínú ike oníyìnyín, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní aláṣẹ kan nílé tí mo yọ lára fírísà alápatà. Òótọ́ ni pé ti fírísà kì í pe ẹ́ńjìnnì sinmi títí nǹkan á fi dì, ṣùgbọ́n síkúrù kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ènìyàn lè fi tún un dá lẹ́kọ̀ọ́. Mo fi gbogbo ọ̀sán yẹn yí i, mo gbé ife omi sínú, mo ń wò ó. Ẹ́ńjìnnì sinmi nígbà tó yẹ, ó dìde nígbà tó yẹ. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn tó ń gbálẹ̀ wá wò ó. Ó ku nǹkan kan. Aláṣẹ yìí ní okùn bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù èkúté, ìpẹ̀kun okùn náà ló ń mọ òtútù, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri inú fíríìjì. Ìdè irin la fi ń dè é. Kò sí ìdè lápò mi. Téèpù dúdú tí à ń fi wé wáyà ló wà níbẹ̀. Mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé téèpù kì í pẹ́ jábọ́ níbi tó bá lómi. Mo ní tó bá di ọjọ́ Ajé, n ó mú ìdè wá. Mo kó àpótí náà wọlé fúnra mi, mo sì pa ilẹ̀kùn dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, ìdè wà lọ́wọ́ mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn, kíkùn ohun tí kò rí ìsinmi láti ìjẹta. Mo ṣí i. Téèpù ti jábọ́. Okùn bàbà ń rọ̀ dirodiro lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ó ń purọ́ fún ẹ́ńjìnnì pé inú kò tíì tutù. Àwọn ìgò tó wà lẹ́yìn ti dì gbagidi. Mo gbé ọ̀kan, mo mì ín, kò dún. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo de okùn náà mọ́ ibi tó yẹ kó wà láti ọjọ́ Ẹtì, mo wá kó àwọn ìgò náà, mo há wọn mọ́ abíyá mi lọ́tùn-ún lósì, mo sì dúró láàárín yàrá bí adìyẹ tó ń sàba títí wọ́n fi yọ́. Mo nù wọ́n, mo tò wọ́n padà. Wọ́n dà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Omi tó dì tó sì yọ́, mo ní lọ́kàn mi, omi náà ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti kékeré rèé, ta ni yóò kọ́ mi ní yìnyín? Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ bá mi. Ó ní, “Ọ̀gá Òtútù, kùtùkùtù báyìí? Ṣé kò dì?” Mo ní fíríìjì ṣiṣẹ́ bí aago. Ó mú ìgò kan, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. “Mo ní ṣé kò dì? Oògùn yìí kì í ṣe omi o. Tó bá fi lè dì pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni.” Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Kò dì, mà.” Ó gbà mí gbọ́, ó sì dá ìgò náà padà sí àyè rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á da àpótí náà nù, wọ́n á sì gbọ́ káàkiri ọsibítù pé Ọ̀gá Òtútù fi téèpù lẹ ohun tó yẹ kó fi irin dè. Ohun tí mo fi pamọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ìtìjú téèpù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò mi wá gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo rí i lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá náà ni mo tó mọ̀ pé inú àpótí yẹn ni tirẹ̀ wà. Obìnrin kan jókòó tì í, tíṣà ìṣirò, ìhà tirẹ̀ náà wú, wọ́n sì fẹ́ yọ asẹ́ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Wọn ò tíì mọ ara wọn ju bí ènìyàn ṣe ń jẹ búrẹ́dì tán lọ, wọ́n ti ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Tíṣà ní inú tòun tóbi ju ti Kòníítú lọ. Àbúrò mi ní, “Tiyín ti pé oṣù ni, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbẹ̀bí yín.” Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo fìtílà. Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè wọ́n, àyè wà nígbà tí nọ́ọ̀sì ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, kódà àyè wà nígbà tó ń fi òwú nu apá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé níṣojú mi. Àbúrò mi ṣẹ́jú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, òtútù tiyín ni wọ́n gún sí mi lára yìí.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tíṣà wọlé. Ìgò láti inú àpótí kan náà ni.

Iṣẹ́ abẹ ti Tíṣà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Asẹ́ náà ti pẹ́ ní wíwú, ó ti lẹ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń tú u kúrò lára wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ya ní ìdí rẹ̀. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀jẹ̀ ń kún yára ju bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á lọ, òun ò rí ibi tó ya rárá, ọwọ́ lásán ni òun fi wá a kàn tí òun fi fún un pa. Nọ́ọ̀sì kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n tọ́jú sílẹ̀ ti tán, ta ló lè fún un ní ẹ̀jẹ̀? Mo ti ká apá aṣọ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró ni irin iṣẹ́ abẹ tún ṣèèṣì ha ìpẹ̀kun ẹ̀yà ara mìíràn tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, èyí tó ń ṣe omi tí ń jẹ oúnjẹ run. Ìyàwó àbúrò mi dì mọ́ mi nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ yín ló mú un yè.” Mo gba ìyìn náà. Mo gbà á bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Omi tí ń jẹ oúnjẹ run yẹn ń jò sínú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí i ní ìhà kó lè máa jáde. Ike roboto kan wà ní ìpẹ̀kun rọ́bà náà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, á sì máa wú padà díẹ̀díẹ̀, wíwú rẹ̀ yẹn ni yóò máa fa omi. Ó dùn mọ́ mi láti máa wò ó. Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn. Nígbà tó yá, ọyún tún gbárajọ sábẹ́ ìhà rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, wọ́n tún fi rọ́bà mìíràn sí i. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná báyìí, n ó ní ó ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni dókítà mọ ìdí rẹ̀, ó sì wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi lọ sílé, ó sanra, ó tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Oògùn kan wà tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́ láti fi ṣọ́ ara. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, dókítà ní ó lè dá a dúró, nítorí pé ó ti gba àjẹsára. Èmi ni mo bá a lọ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó, mo ń wo bàtà mi.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ní òtútù ń mú ọkọ òun, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò, wọ́n ti wà ní kíliníìkì tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù, kí n jọ̀ọ́ máa bọ̀ nítorí èmi ni mo mọ èdè àwọn dókítà. Nígbà tí mo dé, dókítà kékeré kan ti ń wo àpá tó wà níkùn rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń wò. Ó ní, “Wọ́n ti yọ ọ́ lára yín. Bí ẹ ò bá gba àjẹsára, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó níbí rárá, ọkọ̀ ọsibítù ńlá ni n ó pè báyìí. Ṣé ẹ gbà á?” Eyín àbúrò mi ń lu ara wọn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n.” Gbogbo wọn wò mí: dókítà, ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀. Bí mo bá ní kò gbà á, wọ́n á béèrè bí mo ṣe mọ̀. Mo ní, “Ó gbà á. Èmi gan-an ni mo tọ́jú fíríìjì tí oògùn náà wà.” Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó jọ ibà ẹ̀fọn, ó fún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó ní kó sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì kí òun máa wò ó. A jókòó tì í. Ọ̀sán pọ́n, ó ń sùn. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó sì rí àwọ̀ dúdú pẹ̀lú elése àlùkò tó ti tàn ká ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí tádàwà dà sórí aṣọ funfun. Odindi ọjọ́ kan. Mo fi ẹnu mi gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ kan náà ló sì nílò.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ní kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti dé ìpẹ̀kun ara rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gé orí ìka mẹ́rin kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àti ìka ẹsẹ̀ díẹ̀. Dókítà oníṣẹ́-abẹ ronú ronú, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé àwọn ara mìíràn wà tí kì í dá abẹ́rẹ́ lóhùn. Kò sí ẹni tó jiyàn. Nígbà tí wọ́n ní bóyá kí àwọn tún un gún, àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní ara tó ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ni wọ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ fún? Ó sọ fún mi nígbà tí mo ń gbé ife sí i lẹ́nu: “Ara mi ló dà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fún un ní gbogbo ohun tó fẹ́, ó kọ̀ ọ́.” Mo nu ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ara rẹ̀ gbé bí ẹni ń bá olè gbélé. Èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irin. Mo ṣe ọwọ́ irin kékeré kan tó ń di aṣọ mú síwájú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo ṣe sísọ́ọ̀sì kan tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́ràn àbúrò. Ẹ̀rọ tí mo fi ọgbọ́n ṣe jù láyé mi nìyẹn, mi ò sì lè wò ó kí n má gbójú kúrò.

Bóyá n bá gbé e wọ inú sàréè, bí kì í bá ṣe ohun tí mo fojú mi rí ní kíliníìkì mìíràn láìpẹ́ yìí. Iná ti lọ, ó dé, fíríìjì wọn sì ṣe ségesège, wọ́n pè mí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ń wò bóyá àjẹsára òun dì. Ó mú ìgò kan tó mọ̀ọ́mọ̀ mú kó dì tó sì jẹ́ kó yọ́, ó mú ọ̀kan tí kò rí yìnyín rí, ó mì wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ kan, ó gbé wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní, “Ẹ wò wọ́n, bàbá, ẹ ó fẹ́ràn èyí.” Nígbà tí à ń wò wọ́n, ọ̀kan dúró rúrú bí omi tí wọ́n fọ ẹfun sí. Èkejì ń là lókè, ohun funfun ń jábọ́ nínú rẹ̀ ní wóró wóró, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó ní bí oògùn náà bá ti dì, àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ á ṣùpọ̀ mọ́ra wọn, wọn kì í tún tú ká mọ́, agbára wọn sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ ti sọ fún mi lẹ́nu, tí etí mi kọ̀, ojú mi wá rí i. Mo ní kó tún un mì. Ó tún un mì. Mo ní kó tún un mì sí i. Ó bi mí pé kí ló dé tí omi ń bọ́ lójú mi, mo sì wá ibì kan jókòó.

Láti ibẹ̀ mo gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi lọ. Ó ń rán aṣọ iléèwé. Mo kúnlẹ̀ sínú àkísà tó wà nílẹ̀, mo sì sọ ọ́: okùn bàbà, téèpù, abíyá, kíliníìkì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ẹ̀rọ; nígbà tí mo dé ibi abíyá, ẹ̀rọ dúró. Mo ń sọ pé kó dárí jì mí, pé kó ṣe mí bó ṣe fẹ́. Kò wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó yí i padà, ó tún yí i padà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, “Nítorí náà, kì í ṣe ara mi.” Mo ní kì í ṣe ara rẹ̀. Ó yọ aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, “Tíṣà ńkọ́?” Mi ò tètè mọ ohun tó ń sọ. “Tíṣà tá a jọ jókòó. Inú àpótí kan náà ni wọ́n ti mú tirẹ̀, àbí?” Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ara mi nìkan ni mo sì ń káàánú. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé obìnrin kan wà láàárín ìlú tó gbà pé òun ní ààbò, tí kò sì ní in. Mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a ná.”

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nígbà tí a dé. Ó jáde wá pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn láti rí Kòníítú, ó ní ṣé ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n gé nǹkan lára wọn ló fẹ́ ṣèpàdé ni. Àbúrò mi ní kó gbọ́ mi ná. Mo sọ ọ́ fún un lábẹ́ fèrèsé kíláàsì.  Ó wá ní, “Lọ́dún tó kọjá, ara mi gbóná fún ọjọ́ méjì. Mo sùn sílé. Mo ní mo ṣáà ti gba abẹ́rẹ́.” Ó wo ọwọ́ àbúrò mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì padà wọlé lọ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe èyí tó wà lójú pátákó, pé ara òun ń fẹ́ ìtọ́jú. Àwa mẹ́ta la jọ rìn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ ti hu ewú, yàrá kan náà ló ṣì wà. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó jókòó, ó ní, “Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì.” Kò pariwo. Ó ní láti ìgbà tí ìka Kòníítú ti bàjẹ́ ni òun ti ń rò ó pé bóyá òun ló gún un níbi tí kò yẹ. Mo tún rí ẹlòmíràn tí mo ti fi ẹ̀bi mi lé lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò kan jáde, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì yíjú sí mi. “Ọ̀gá Òtútù, ṣé kò dì?” Mo ní, “Mi ò mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká mì ín wò.” Ó gbé èyí tó ti mọ̀ọ́mọ̀ mú kó dì tẹ́lẹ̀ tó sì ti yọ́ tì í, ó mì wọ́n, ó gbé wọn kalẹ̀, àwa mẹ́rin sì dúró yí tábìlì ká. Èyí tó mú nínú fíríìjì dúró rúrú. Nǹkan kan kò jábọ́ nínú rẹ̀. Àbúrò mi àti Tíṣà tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn àtijọ́, wọ́n sì ká apá aṣọ.

Àpótí tí mo ń wí yìí ní ìgò tó ju tàwọn méjèèjì lọ, mi ò sì mọ ẹni tó gba ìyókù. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí kí gbogbo ayé lè kà á nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ọsibítù tí mo ń sọ. Bí ẹ bá gba àjẹsára níbẹ̀ nígbà òjò ọdún tí wọ́n ń kọ́ òkè ilé ìgbẹ̀bí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ, nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ ń retí yín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, àti lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣàṣìṣe. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí téèpù yín bá jábọ́, ẹ sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ohun tó bàjẹ́ kò tíì ju àpótí kan lọ. Ti àbúrò mi, kò tíì sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí, èmi náà kò sì tíì tún béèrè. Ó ṣì ń lo ọwọ́ irin tí mo ṣe fún un. Nígbà tí mo bá lọ fi epo sí i, tí mo sì tún un ṣe, ó máa ń dúró lórí mi, á ní, “Ṣé irin lẹ fi dè é, àbí téèpù?”  Mo máa ń ṣí ìdérí rẹ̀, mo sì máa ń yẹ̀ sẹ́yìn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.